Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Ìmọ́lẹ̀ Ya Sẹ́ẹ̀lì Sọ́tọ̀ Nínú Yàrá Ìwádìí Kékeré

Ẹ̀yin olùkọ́ sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ní Kàbà, Mọ́pà, Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ̀, Ìyàrà àti gbogbo ilẹ̀ Òkun, ẹ kú iṣẹ́ o. Bí ẹ bá kán ẹmu díẹ̀ sábẹ́ máíkírósíkóòpù, ẹ ó rí ìwúkàrà rọ̀bọ̀tọ̀-rọ̀bọ̀tọ̀ tó fẹ̀ tó nǹkan bí máíkírómítà 5 (máíkírómítà 1 jẹ́ mílímítà kan tí a pín sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún), ẹ ó sì rí bakitéríà wẹ́wẹ́ tí kò ju máíkírómítà 1 tàbí 2 lọ láàárín wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣa àwọn ńlá kúrò láàárín àwọn kékeré, láìlo abẹ́rẹ́, láìlo asẹ́, tó jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ nìkan ló fẹ́ fi ṣe é, òun ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún.

Iṣẹ́ náà gba sùúrù, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe lọ́dọ̀ wa. Máíkírósíkóòpù ló wọ́n jù nínú ohun èlò rẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa ló sì ní i nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Èyí tó kù, ẹ ó rí i lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe awò ojú, àti nínú pùrójẹ́kítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tó ti bàjẹ́.

Ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń ṣe sí ohun kékeré

Ìmọ́lẹ̀ máa ń ti ohun tó bá bà lé. Láti ọdún 1619 ni Johannes Kepler, onímọ̀ nípa ìràwọ̀, ti sọ pé òòrùn ló ń ti ìrù ìràwọ̀ onírù kúrò lọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ní 1901 ni Pyotr Lebedev ní Rọ́ṣíà, àti Nichols pẹ̀lú Hull ní Amẹ́ríkà, rí agbára náà wọ̀n. Ó kéré púpọ̀. Lésà tó jẹ́ mílíwáàtì 1 nínú omi, bí ohun kan bá gba gbogbo rẹ̀ sára, ìtì tí yóò rí kò ju píkóníútìnì 4.4 lọ, bẹ́ẹ̀ ni píkóníútìnì 1 jẹ́ níútìnì kan tí a pín sí ọ̀nà tírílíọ̀nù. Ara wa kò lè mọ irú agbára bẹ́ẹ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n ẹ wo sẹ́ẹ̀lì ìwúkàrà: ìwúwo rẹ̀ nínú omi kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá píkóníútìnì 1. Lójú sẹ́ẹ̀lì, ìmọ́lẹ̀ yìí kì í ṣe ohun kékeré rárá.

Arthur Ashkin, ní ilé-iṣẹ́ Bell Labs ní Amẹ́ríkà, ló fi lésà ti bọ́ọ̀lù ike wẹ́wẹ́ nínú omi ní 1970. Ó retí pé ìmọ́lẹ̀ yóò tì wọ́n síwájú, ó sì tì wọ́n. Ohun tí kò retí ni pé àwọn bọ́ọ̀lù tó wà ní etí ìtànṣán náà ń sún wọ àárín rẹ̀ fúnra wọn. Ní 1986, òun àti Dziedzic, Bjorkholm àti Chu fi ìtànṣán kan ṣoṣo tí lẹ́ńsì kó jọ pọ̀ di bọ́ọ̀lù mú pátápátá. Ọdún kejì rẹ̀ ni wọ́n fi mú bakitéríà àti fáírọ́ọ̀sì. Ní 2018 ni Ashkin gba ẹ̀bùn Nobel, ó ti pé ẹni ọdún 96 nígbà náà.

Agbára méjì ni kí ẹ fi sọ́kàn, nítorí gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ dá lé wọn. Ìkíní ni ìtì: ìmọ́lẹ̀ ń gbá sẹ́ẹ̀lì síwájú. Ìkejì ni ìfà. Nígbà tí ìtànṣán bá gba inú sẹ́ẹ̀lì kọjá, sẹ́ẹ̀lì á tẹ̀ ẹ́. Bí sẹ́ẹ̀lì bá tẹ ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀tún, ìmọ́lẹ̀ á ti òun náà sí òsì. Ọ̀dọ̀ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù ni ìtìpadà yìí ti lágbára jù, nítorí náà sẹ́ẹ̀lì á máa sún lọ síbi tó mọ́lẹ̀ jù, á sì dúró síbẹ̀. Bí lẹ́ńsì bá kó ìmọ́lẹ̀ jọ gan-an, ìfà á borí ìtì, sẹ́ẹ̀lì á há.

Kí ló wá ń yà wọ́n? Títóbi ni àkọ́kọ́. Ìkejì ni bí ohun náà ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀ sí ju omi lọ. Iye ìtẹ̀-ìmọ́lẹ̀ omi jẹ́ 1.33, ti ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì wà láàárín 1.36 sí 1.40, ti ọ̀rá inú wàrà jẹ́ nǹkan bí 1.46, ti ike polisitaríìnì sì jẹ́ 1.59. Bí ìyàtọ̀ sí omi bá ṣe pọ̀ tó ni ìfà ṣe ń lágbára tó. Bí a ti ń fẹ́ ìrẹsì kí atẹ́gùn lè gbé èèpo lọ, kí èyí tó wúwo sì bọ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni a ó fi ìṣàn omi dojú kọ ìmọ́lẹ̀: èyí tí ìmọ́lẹ̀ bá dì mú yóò dúró, èyí tí kò lè dì mú yóò bá omi lọ.

Ojú yín ni kí ẹ kọ́kọ́ dáàbò bò

Lésà tí a fẹ́ lò lè ba ojú jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú tó bá sì bàjẹ́ báyẹn kì í padà. Ẹ má ṣe fi ojú wo inú máíkírósíkóòpù nígbà tí lésà bá wà ní títàn. Láti rí i dájú, ẹ yọ lẹ́ńsì ojú rẹ̀ kúrò pátápátá, kí kámẹ́rà dúró síbẹ̀. Ẹ ra awò ààbò tí a kọ 650 sí lára, tí iye ààbò rẹ̀ (OD) tó 4 ó kéré tán. Awò òòrùn kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, bó ti wù kó dúdú tó. Ẹ yọ òrùka àti aago ọwọ́, nítorí wọ́n máa ń dá ìtànṣán padà síbi tí ẹnikẹ́ni kò fọkàn sí. Ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ọmọdé má ṣe já wọlé.

Ẹ má lo tọ́ọ̀ṣì lésà aláwọ̀ ewé olówó pọ́ọ́kú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń tú ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí síta pẹ̀lú èyí tí ojú rí, awò ààbò ti aláwọ̀ ewé kò sì lè dá a dúró.

Ẹ má sì lo ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Mo mọ̀ pé ọkàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fà síbẹ̀, pàápàá nítorí pé ìwádìí ti fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tí kòkòrò ibà wọ inú rẹ̀ máa ń le ju èyí tó wà ní àlàáfíà lọ, ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n sì fi nà án kí wọ́n tó mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ lè gbé àrùn jẹdọ̀jẹdọ̀ àti kòkòrò HIV. Ilé ìwòsàn tó ní ètò ààbò nìkan ló yẹ kó fọwọ́ kan án. Ìwúkàrà àti ẹmu tó wa.

Ohun èlò

Máíkírósíkóòpù tó ní lẹ́ńsì 100 ti òróró. Ẹ wo ara lẹ́ńsì náà: ó yẹ kí ẹ rí 100/1.25, kí ẹ sì rí 160/0.17 nísàlẹ̀ rẹ̀. Nọ́ńbà 1.25 ló ń sọ bí lẹ́ńsì ṣe lè kó ìmọ́lẹ̀ jọ tó, ohun tó bá kéré sí i púpọ̀ kò ní di sẹ́ẹ̀lì mú. Nọ́ńbà 160 ni gígùn ọ̀pá máíkírósíkóòpù ní mílímítà, 0.17 sì ni nínípọn gíláàsì ìbòrí tó yẹ ẹ́.

Lésà pupa láti inú ẹ̀rọ tó ń kọ DVD, ìyẹn èyí tó lè kọ ọ́, kì í ṣe èyí tó ń kà á nìkan. Gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wà láàárín nánómítà 650 sí 660 (nánómítà 1 jẹ́ máíkírómítà kan tí a pín sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún). Àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Kàbà àti Lọ́kọ́ja máa ń kó irú rẹ̀ jọ sábẹ́ tábìlì. Ẹ kíyè sí i pé lésà méjì ló máa ń wà nínú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀: pupa fún DVD, àti òmíràn tí ojú kò rí fún CD. Bí ẹ bá fi iná sí i tí ẹ kò rí pupa, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀; ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tí ojú kò rí ni. Lésà wọ̀nyí kò fẹ́ iná ara rárá, ìyẹn iná díẹ̀ tó máa ń jọ sí ara wa tó sì lè bà wọ́n jẹ́, nítorí náà ẹ fọwọ́ kan irin tó wọlẹ̀ kí ẹ tó dì wọ́n mú, kí ẹ sì so irin tó lè gba ooru mọ́ ọn.

Bátìrì 12 fóòlù, ti ọ̀kadà tàbí ti sólà. Kódà bí iná NEPA bá wà, bátìrì ni mo fara mọ́, nítorí iná rẹ̀ kì í gbọ̀n bíi ti jẹnẹrétọ̀. Ẹ fi LM317 kan (ẹ̀yà ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣàkóso iná) àti resistor 6.8 òmù ṣe adínà kọ́rẹ́ntì; nǹkan bí mílíámpù 184 ni yóò máa gbà kọjá. Ẹ ní resistor 15 òmù nítòsí pẹ̀lú, nítorí òun la ó fi ṣe ètò nígbà tí a bá fẹ́ kí lésà ṣú díẹ̀; mílíámpù 83 ni yóò gbà kọjá.

Lẹ́ńsì kékeré tó ń mú kí ìtànṣán lésà lọ tààrà. Wọ́n ń tà á pọ̀ mọ́ ilé lésà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́ńsì awò ojú +5 láti ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ awò. Lẹ́yìn èyí, gíláàsì aláwọ̀ láti inú pùrójẹ́kítọ̀ tó ti kú: inú àwọn tó ní pánẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ni ẹ ó ti rí gíláàsì pẹlẹbẹ tó dúró ní ìdagun, tó ń dá àwọ̀ kan padà tó sì ń jẹ́ kí àwọ̀ yòókù kọjá. Ẹ mú èyí tó ń dá pupa padà. Kámẹ́rà kọ̀ǹpútà tí ẹ ti tú lẹ́ńsì rẹ̀ kúrò ló kẹ́yìn.

Àti òkúta. Mo ń sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ilẹ̀ wa kún fún òkúta, ẹ jẹ́ ká lò ó. Ẹ wá pátákó òkúta tó tẹ́ pẹrẹsẹ lọ́dọ̀ àwọn tó ń gé òkúta, ẹ gbé e lé túùbù taya ọ̀kadà tí ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí díẹ̀, kí ẹ sì to gbogbo ẹ̀rọ náà sórí rẹ̀. Bí ẹnìkan bá ń lọ ata ní ilé kejì, tí ọkọ̀ akẹ́rù sì ń kọjá, sẹ́ẹ̀lì tí ẹ dì mú kò ní bọ́.

Títò ó pọ̀

Ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí nìyí, ẹ má kánjú.

Ẹ fi páìpù tàbí àpótí igi kékeré dípò ọ̀pá ojú máíkírósíkóòpù. Kámẹ́rà gbọ́dọ̀ wà ní mílímítà 150 sí èjìká lẹ́ńsì 100 (ibi tí lẹ́ńsì náà ti jókòó mọ́ ara máíkírósíkóòpù), nítorí ibẹ̀ ni lẹ́ńsì náà ń ya àwòrán sí. Láàárín wọn, ẹ gbé gíláàsì aláwọ̀ sí ìdagun. Ìmọ́lẹ̀ ewé àti búlúù láti ara sẹ́ẹ̀lì yóò gbà á kọjá lọ bá kámẹ́rà. Lésà pupa láti ẹ̀gbẹ́ yóò bà á, yóò sì yí sísàlẹ̀ wọ lẹ́ńsì. Gíláàsì kan náà yìí ló tún ń gba kámẹ́rà lọ́wọ́ lésà.

Nísinsìnyí, ẹ wo ọ̀nà lésà. Lẹ́yìn lẹ́ńsì kékeré, ìtànṣán fẹ̀ tó mílímítà 5. Ẹ gbé lẹ́ńsì +5 sí iwájú rẹ̀. Lẹ́ńsì +5 ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ sí ojú kan ní mílímítà 200. Ojú yẹn gbọ́dọ̀ jìnnà sí èjìká lẹ́ńsì 100 ní mílímítà 150, bí kámẹ́rà ṣe jìnnà sí i, tí a bá ka ọ̀nà náà pẹ̀lú ìyípadà rẹ̀ ní gíláàsì aláwọ̀. Láti ojú yẹn, ìmọ́lẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀, tó bá fi dé ẹ̀yìn lẹ́ńsì 100 yóò ti fẹ̀ tó nǹkan bí mílímítà 4, ihò ẹ̀yìn lẹ́ńsì náà sì nìyẹn gẹ́lẹ́. Bí ìtànṣán kò bá kún ihò yẹn, ìkójọ á dẹ̀, ìtì á borí ìfà, sẹ́ẹ̀lì á kàn máa sá lọ síwájú ni. Nínú gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí, ibẹ̀ ni mo bẹ̀ yín kí ẹ ti wọn nǹkan dáadáa.

Ẹ fi resistor 15 òmù sí i, ẹ tú lẹ́ńsì 100 kúrò, ẹ fi bébà tó ní ihò mílímítà 4 dí ojú ibi tó wà. Ẹ yí gíláàsì aláwọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí pupa yóò fi gba àárín ihò náà bọ́ sí àárín ihò tábìlì máíkírósíkóòpù. Lẹ́yìn náà, ẹ dá lẹ́ńsì padà, ẹ kán òróró sórí gíláàsì ìbòrí tí kò ní nǹkan lábẹ́, ẹ sì wo kámẹ́rà. Ìmọ́lẹ̀ pupa díẹ̀ máa ń jò padà láti ara gíláàsì, ẹ ó rí i bí òrùka. Bí ẹ bá gbé lẹ́ńsì sókè sódò, òrùka náà gbọ́dọ̀ máa súnkì kó sì máa fẹ̀ láìtẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ wá sún lẹ́ńsì +5 síwájú sẹ́yìn títí òrùka yóò fi kéré jù lọ ní àsìkò kan náà tí ojú gíláàsì hàn kedere lójú kámẹ́rà. Ẹ sàmì síbẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà: ojú ìdẹkùn nìyẹn, ibi tí ìmọ́lẹ̀ yóò ti máa di sẹ́ẹ̀lì mú.

Láti mọ bí nǹkan ṣe tóbi tó lójú kọ̀ǹpútà, ẹ gé CD orin àtijọ́ kan, ẹ fi sẹ́lótéèpù ya fàdákà ojú rẹ̀ kúrò. Àwọn ìlà tó kù lára ike náà jìnnà síra ní nǹkan bí máíkírómítà 1.6. Ẹ kán omi sí i, ẹ bò ó, ẹ yà á ní fọ́tò. Ìdíwọ̀n yín nìyẹn, ọ̀fẹ́ ni.

Pípèsè sẹ́ẹ̀lì

Ẹ fi ìwúkàrà bẹ̀rẹ̀, irú èyí tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò. Ẹ fi díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó ní ṣúgà díẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ààbọ̀ wákàtí, kí ẹ wá fi omi ṣúgà là á títí yóò fi ku bíi sẹ́ẹ̀lì 10 péré lójú kámẹ́rà. Ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì máa ń dí ara wọn lọ́wọ́: ẹ ó mú ọ̀kan, mẹ́ta á tún rọ́ wọ inú ìdẹkùn kan náà. Tí ìwúkàrà bá ti mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ wá bọ́ sórí ẹmu. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì là á ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún.

Sẹ́ẹ̀lì fẹ́ràn láti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, tó bá sì ti lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ yìí kò lè já a. Ẹ po funfun ẹyin díẹ̀ mọ́ omi ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, ẹ da sórí gíláàsì fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ ṣàn án nù. Ẹyin á ti gba ibi tí sẹ́ẹ̀lì ìbá lẹ̀ mọ́.

Omi tó wà lábẹ́ gíláàsì ìbòrí gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́. Lẹ́ńsì òróró máa ń pàdánù agbára ìdẹkùn rẹ̀ bó bá ti wọ inú omi jìnnà, ẹ má jẹ́ kó kọjá máíkírómítà 20 tàbí 30. Omi máíkírólítà 6 (máíkírólítà 1 jẹ́ mílílítà kan tí a pín sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún) lábẹ́ gíláàsì ìbòrí mílímítà 18 sí 18 yóò fún yín ní jíjìn tó tó máíkírómítà 18. Ẹ fi Vaseline dí etí rẹ̀, nítorí ní àsìkò ọyẹ́, omi bẹ́ẹ̀ lè gbẹ kí ẹ tó mọ̀.

Mímú sẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́

Ẹ dá resistor 6.8 òmù padà. Ẹ wá sẹ́ẹ̀lì tó ń gbọ̀n rìrì fúnra rẹ̀ nínú omi, èyí tó dúró gbagidi ti lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ fi tábìlì máíkírósíkóòpù gbé e sún mọ́ àmì ìdẹkùn. Bó bá ti ku bí ìbú ara rẹ̀ kan, ẹ ó rí i tó fò wọ inú rẹ̀, gbígbọ̀n rẹ̀ á sì dínkù lójú ẹsẹ̀. Ẹ wá rọra yí tábìlì: gbogbo sẹ́ẹ̀lì yòókù á máa ṣí kọjá, òun nìkan á dúró. Ẹ fi páálí dí lésà, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn gbéregbère. Bí ohun méjèèjì yìí bá ṣẹlẹ̀, ẹ ti mú un.

Bó bá jẹ́ pé ńṣe ni sẹ́ẹ̀lì sún sí àárín, tó sì wá ń rì jìnnà sísàlẹ̀, ìtì ló borí. Ẹ padà lọ wo ihò mílímítà 4.

Láti mọ agbára ìdẹkùn yín, ẹ máa yí tábìlì lọ, kí eré rẹ̀ máa pọ̀ sí i, kí kámẹ́rà sì máa gbà á sílẹ̀ títí sẹ́ẹ̀lì yóò fi já bọ́. Sẹ́ẹ̀lì tó lẹ̀ mọ́ gíláàsì ni kí ẹ fi ka eré náà. Agbára = 6 × 3.14 × kíki omi × ìdajì ìbú sẹ́ẹ̀lì × eré. Bí sẹ́ẹ̀lì máíkírómítà 5 bá já ní eré máíkírómítà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá, nínú omi 30°C, agbára náà jẹ́ nǹkan bí píkóníútìnì 1.9. Ẹ máa kọ ìwọ̀n ooru yàrá sílẹ̀ nígbà gbogbo, nítorí omi 20°C ti òwúrọ̀ ọyẹ́ fi ìdá kan nínú mẹ́rin ki ju omi 30°C ti ọ̀sán lọ. Bí sẹ́ẹ̀lì bá sún mọ́ gíláàsì jù, agbára tòótọ́ á ju èyí tí ìṣirò yìí fún yín lọ, nítorí náà ẹ gbé e kúrò lára gíláàsì díẹ̀ kí ẹ tó dán an wò.

Yíyà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan

Ẹ gé fóìlì ilé ìdáná tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ to ó ní ìlọ́po méjì sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gíláàsì, ẹ gbé gíláàsì ìbòrí lé e. Ààyè tó tó nǹkan bí máíkírómítà 30 ní jíjìn ni yóò fún yín. Ẹ fi Vaseline fa ìlà méjì wọ inú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì, kí wọ́n má pàdé, kí ilẹ̀kùn tóóró kan ṣẹ́kù láàárín. Ẹ fi omi ṣúgà mímọ́ sí apá kan, ẹ fi ẹmu tí ẹ là sí apá kejì. Ẹ mú ìwúkàrà kan, ẹ gbé e gba ẹnu ọ̀nà náà kọjá, ẹ dí lésà, ó ti dé ilé tuntun. Ẹ padà lọ mú òmíràn. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń fún ènìyàn ní àyè láti fi ojú ara rẹ̀ yan sẹ́ẹ̀lì tó fẹ́, kódà èyí tó ń bí ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ lọ́wọ́. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ ju èyí tó tẹ̀ lé e lọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ.

Jíjẹ́ kí omi àti ìlà ìmọ́lẹ̀ yà wọ́n fúnra wọn

Ní 2003, MacDonald, Spalding àti Dholakia ní Yunifásítì St Andrews ní Skọ́tíláǹdì jẹ́ kí omi ṣàn gba àárín àkànpọ̀ ojú ìmọ́lẹ̀ púpọ̀, ohun wẹ́wẹ́ sì pínyà fúnra wọn gẹ́gẹ́ bí títóbi wọn àti bí wọ́n ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀. Ṣáájú wọn, ní 1995, Imasaka ní Japan ti jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ àti omi dojú kọ ara wọn, tí ìmọ́lẹ̀ fi ń ti ohun tó tóbi síwájú, lòdì sí ìṣàn omi, ju èyí tó kéré lọ. A kò ní ohun èlò wọn, ṣùgbọ́n a lè ṣe ìlà kan.

Ẹ padà sọ́dọ̀ oníṣẹ́ awò, kí ẹ yá lẹ́ńsì sílíńdà +1 láti inú àpótí tó fi ń yẹ ojú wò. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́ńsì +5. Ojú ìdẹkùn á nà di ìlà tó gùn tó nǹkan bí máíkírómítà 10. Ẹ yí lẹ́ńsì sílíńdà náà títí ìlà yóò fi dagun sí ọ̀nà tí omi ń gbà.

Fún ìṣàn omi, ẹ lo ààyè fóìlì yẹn láìsí ìlà Vaseline láàárín rẹ̀, kí ẹ so sirínjì tí ẹ yọ ọ̀pá rẹ̀ mọ́ ẹnu kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú rọ́bà tín-ín-rín tí wọ́n fi ń fa omi sára aláìsàn. Ìyàtọ̀ gíga omi nínú sirínjì méjèèjì ló ń ti omi. Mílímítà 1 péré ti tó láti mú un ṣàn ní nǹkan bí máíkírómítà 40 sí 50 ní ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn sì ti pọ̀ jù fún ìlà wa. Bébà ni kí ẹ máa fi sábẹ́ sirínjì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì mú eré náà wá sí bíi 10.

Bí ìwúkàrà bá bá ìlà pàdé, á gùn ún lọ dé òpin rẹ̀ kó tó bá omi lọ, yóò sì ti yà kúrò lọ́nà rẹ̀ ní nǹkan bí máíkírómítà 7. Bakitéríà á gba orí ìlà kọjá tààrà. Bí ìwúkàrà bá ń há sórí ìlà, omi ti lọ́ra jù. Bí wọ́n bá ń kọjá láìyà, ó ti yára jù. Ẹ fa ìlà kan sójú kọ̀ǹpútà níwájú òpin ìmọ́lẹ̀, kí ẹ ka 100 àkọ́kọ́ tó bá kọjá ní apá kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ iye ńlá àti iye kékeré sílẹ̀. Ẹ pa lésà, ẹ tún kà bẹ́ẹ̀. Kíkà kejì ló ń fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ ló yà wọ́n, pé kì í ṣe omi.

Ṣé wọ́n ṣì wà láàyè?

Nígbà tí Ashkin kọ́kọ́ fi lésà aláwọ̀ ewé mú bakitéríà, ó pa wọ́n. Nígbà tó yí sí èyí tí ojú kò rí, ní nánómítà 1064, wọ́n wà láàyè, wọ́n tilẹ̀ bí sí i nínú ìdẹkùn. Pupa tiwa wà láàárín méjèèjì, nítorí náà ẹ má di sẹ́ẹ̀lì kan mú ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Àwọn kan á fẹ́ lo aró búlúù tí a ń pè ní methylene blue, tó ń kun òkú ìwúkàrà tí kì í kun alààyè. Aró náà dára, ṣùgbọ́n nánómítà 664 ni ó ti ń gba ìmọ́lẹ̀ jù, lésà wa sì wà nítòsí ibẹ̀ gan-an. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ní aró á gbóná, aró náà á sì máa mú kí ọ́síjìn di oró tó ń pa àwọn alààyè tó wà nítòsí. Ẹ parí yíyà, ẹ pa lésà, lẹ́yìn náà ni kí ẹ ta aró sí i. Ọ̀nà tó dára jù ni kí ẹ fi àwọn tí ẹ yà sílẹ̀ nínú omi ṣúgà ní 30°C, kí ẹ wò wọ́n lẹ́yìn wákàtí méjì sí mẹ́ta. Ìwúkàrà tó wà láàyè á ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọmọ.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìyàtọ̀ ìtẹ̀-ìmọ́lẹ̀, kì í ṣe ti títóbi, kí ó wá wàrà tútù lọ́dọ̀ àwọn Fúlàní tó ń da màálù, kó là á ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún, kó pò ó mọ́ ìwúkàrà. Ti inú agolo kò ní ṣe é, nítorí ilé-iṣẹ́ ti fọ́ ọ̀rá rẹ̀ wẹ́wẹ́. Ẹ wá ìṣù ọ̀rá tó tóbi bákan náà pẹ̀lú ìwúkàrà, ẹ sì wọn eré tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ń já kúrò nínú ìdẹkùn. Ọ̀rá máa ń léfòó sí abẹ́ gíláàsì ìbòrí, ìwúkàrà a sì máa rì, nítorí náà ẹ gbé àwọn méjèèjì sí jíjìn kan náà kí ẹ tó fi wọ́n wéra.